Iṣẹ́ abẹ ọkàn ti yọrí, àmọ́ ìjà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀: Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ṣe ń dojú kùmọ̀ kọ onílé lẹ́yìn tí wọ́n bá la àyà aláìsàn

Bí dókítà bá ti jáde ní tíátà, tó fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀, tó ní, "A dúpẹ́, ó yọrí," ariwo ayọ̀ ló máa ń sọ. Ìyá á kúnlẹ̀, bàbá á máa nu ojú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé mọ́ṣáláṣí, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì á sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kàn fojú kàn wọ́n." Nọ́ọ̀sì á ní rárá. Ni wọ́n á bá ní obìnrin yẹn burú, wọ́n á ní bóyá ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ni.

Nọ́ọ̀sì ò burú o. Ohun tó mọ̀ tí ẹbí ò mọ̀ ni pé nínú tíátà tí wọ́n ti gbé aláìsàn náà jáde, àwọn ohun tó ń bá a lé àìsàn lọ lára rẹ̀ ti ja ìjà kan, ìjà tí kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ilé onílé ni wọ́n fọ́. Ní báyìí, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Òfìnkìn lásán tí àbúrò ìyàwó gbé bọ̀ láti inú dánfó lè di nǹkan mìíràn sí aláìsàn lọ́rùn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ èèyàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jọ ti ọdẹ àdúgbò. Àwọn kan nínú wọn ń rìn káàkiri tọ̀sán-tòru, àwọn ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì funfun. Àwọn kan sì jẹ́ èròjà tó pò mọ́ omi ẹ̀jẹ̀, complement ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀wọ́ wọn. Iṣẹ́ complement ni kó fọn fèrè. Bó bá ti fara kan ohun tí kò mọ̀ rí, yálà kòkòrò àìsàn ni o, yálà ẹ̀gún ni o, á fọn ọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á sì sáré débẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gún ló gún èèyàn ní àtàǹpàkò, ibẹ̀ nìkan ni yóò wú, tí yóò pọ́n, tí yóò máa gbóná. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó ti lọ.

Iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò. Ọkàn tó ń lù kì kì kì, kò sí bí dókítà ṣe fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àti òwú ran ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní láti dá a dúró ná. Omi tí wọ́n po èròjà potassium mọ́, tó sábà máa ń tutù, ni wọ́n ń fún un, ọkàn á sì dákẹ́. Kí aláìsàn má baà kú, wọ́n á ti so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn, tó tún ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ yìí á fa ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ara, á fi atẹ́gùn oxygen sí i, á tì í padà sínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Ẹ̀rọ náà sì ń yí tó lítà 4 sí 5 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ fi ojú inú wò ó: ní gbogbo ìṣẹ́jú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ló ń jáde síta, tó ń gba inú rọ́bà kọjá, tó ń padà wọlé. Wákàtí kan, wákàtí méjì, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Amẹ́ríkà kan, Dókítà John Gibbon, ló bá ẹ̀rọ náà jìjàkadì títí tó fi ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1931, nílùú Boston, ó jókòó ti obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Obìnrin náà kú, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì kúrò lọ́kàn Gibbon mọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Mary, ni wọ́n jọ ń dán ẹ̀rọ náà wò lára ológbò. Ó gbà wọ́n ju ogún ọdún lọ. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 1953, ní Philadelphia, ó so ó mọ́ ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan tí ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú 26, ẹ̀rọ nìkan ló gbé ẹ̀mí ọmọ náà dúró, ọmọ náà sì yè. Àmọ́ àwọn ọmọdé méjì tó tún ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà kú, ni Gibbon bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é ní UNTH Enugu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu ló ṣáájú, Magdi Yacoub tó wá láti Ìlú Ọba sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Lóde òní, ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò ní láti rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n ń ṣe é ní ọsibítù Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ń gbilẹ̀ lẹ́yìn Gibbon, ohun kan ń ya àwọn dókítà lẹ́nu. Wọ́n á ran ọkàn dáadáa, kò ní sí àṣìṣe kankan, ọkàn á tún máa lù padà, síbẹ̀ ara aláìsàn á wú, ara rẹ̀ á gbóná, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kọ̀ láti dì, kíndìnrín á dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan yè é, àwọn kan ò yè é. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é ni wọn ò mọ̀.

Lọ́dún 1981 ni ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé complement ló ń fọn fèrè nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba inú ẹ̀rọ kọjá. Nígbà tó di 1983, Dókítà John Kirklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham, Alabama, fi àwọn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ wé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láìlo ẹ̀rọ. Èròjà tí complement máa ń tú jáde tó bá fọn fèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní C3a, gòkè gan-an lára àwọn tó lo ẹ̀rọ. Lára àwọn tí kò lò ó, kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí C3a bá ṣe ga tó lára aláìsàn ni ewu ṣe ń pọ̀ tó pé ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín rẹ̀ á yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ orí kékeré náà wà lára ohun tó ń dá kún ewu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an jọ ohun tí ojú àwọn ará Èkó ti rí dáadáa lóru. Ẹnì kan pariwo "Olè!" lójúlé kẹta. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti jáde pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀. Wọ́n wá olè títí, wọn ò rí i. Ọkùnrin kan tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní tirẹ̀ ni wọ́n bò mọ́lẹ̀. Wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n já ilẹ̀kùn. Rọ́bà àti ike inú ẹ̀rọ ni complement rí tó fi pariwo olè, torí tí wọ́n bá tẹ́ gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fara kan nǹkan nínú ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ilé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí ẹ̀jẹ̀ ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wá sáré jáde, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara iṣan, wọ́n tú oró tó yẹ kí wọ́n fi pa kòkòrò, oró náà sì ń jó ara onílé. Àwọn èròjà tó ń kó ìròyìn kiri láàárín wọn, bí IL-6 àti IL-8, á bo gbogbo ẹ̀jẹ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tí ọkàn wà ní dídúró, ebi atẹ́gùn ń pa á. Tí wọ́n bá wá dá ẹ̀jẹ̀ padà sí i lójijì, ìyẹn nìkan tó láti dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ìfun náà ò gbádùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò yẹn lè má tó, ara rẹ̀ á jò, oró àwọn kòkòrò tó ti ń gbé inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ á sì yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn protamine tí wọ́n fún aláìsàn nígbẹ̀yìn kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tún máa dì, òun náà ń ti complement ní ìtìkutì.

Ìdí nìyí tí ara aláìsàn fi lè gbóná lọ́jọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì láìsí kòkòrò kankan. Ilé wa níbí, tí ara bá ti gbóná, ibà ni. Ẹnì kan á ní kí wọ́n wá oògùn ibà, ẹlòmíràn á ti lọ sebẹ̀ àgbo, á fi ìgò Ragolis gbé e wá sábẹ́ aṣọ. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn ọkàn onírin sí lára ń lo oògùn warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ewé àti egbò tí kò sẹ́ni tó wọ̀n lè bá oògùn yẹn jà, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Dókítà ni kó sọ irú ibà tí ibà náà jẹ́.

Ìjà yìí ò lè máa lọ títí, ara fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní èròjà tí òun náà ń rán jáde láti pẹ̀tù síjà, IL-10 wà lára wọn. Ibi tọ́ràn wá ta kókó sí nìyẹn. Nígbà tó bá ń pẹ̀tù síjà, ó máa ń pẹ̀tù rẹ̀ jù. Irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú kòkòrò, kó gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ sókè bí ẹni gbé fọ́tò ọ̀daràn han àwọn yòókù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, ọwọ́ tó fi ń gbé fọ́tò yẹn sókè, tí wọ́n ń pè ní HLA-DR, máa ń wálẹ̀. Àwọn lymphocyte, ìyẹn àwọn tó ń rántí ojú ọ̀tá, iye wọn máa ń dínkù, àwọn tó sì kù ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ọdẹ àdúgbò ti sùn lọ fọnfọn. Ìgbà yẹn ni olè gidi máa ń wá.

Ọ̀nà tí yóò gbà wọlé sì pọ̀. Rọ́bà wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń bá a mí, ibẹ̀ ni àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń gbà. Rọ́bà wà lójú ara, òmíràn wà nínú iṣan ọrùn. Egungun àyà tí wọ́n fi ayùn là sí méjì, wáyà ni wọ́n fi so ó pọ̀. Tí kòkòrò bá dé abẹ́ egungun yẹn, ọ̀rọ̀ di ńlá. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣẹlẹ̀ sí, nǹkan bí ẹnì kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lè padà sí tíátà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹlòmíràn kì í sì í jáde. Ó tún máa ń dúró títí aláìsàn fi délé. Tí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣomi tàbí ọyún, tí ara bá gbóná, tí egungun àyà bá ń ró kẹ́ bí aláìsàn bá wúkọ́, ojú ọ̀nà ọsibítù ni kí wọ́n kọjú sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí wọ́n má dúró di ọjọ́ tí wọ́n fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní aláìsàn tó fẹ́ wọ tíátà, ohun méjì wà tí kì í náni lówó púpọ̀ tó sì ń gba ẹ̀mí là. Àkọ́kọ́ ni imú. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus, tó sábà máa ń ba ọgbẹ́ àyà jẹ́, inú ihò imú aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ti ń gbé lọ́pọ̀ ìgbà, láìyọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands dán an wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Wọ́n fi ìpara mupirocin sí imú àwọn tó ní kòkòrò náà, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ọṣẹ chlorhexidine wẹ̀. Àwọn tí kòkòrò náà wá kọ lù nínú wọn jẹ́ 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tí ìpara àti ọṣẹ tiwọn kò ní oògùn nínú, 7.7 ni. Ìkejì ni ṣúgà. Ìnira iṣẹ́ abẹ ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, kódà lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun tó bá sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ aládùn kì í lè jà. Ní Portland, Amẹ́ríkà, wọ́n ń fún àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ní ínsúlíìnì tó ń kán sínú iṣan láìdáwọ́ dúró, dípò abẹ́rẹ́ ìdákúrekú. Wọ́n kọ ọ́ lọ́dún 1999 pé àrùn abẹ́ egungun àyà wálẹ̀ láti 2.0 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó ń yọ́ gbé Maltina àti kòòkì wọ wọ́ọ̀dù lọ fún aláìsàn torí pé "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ", kò mọ ẹni tó ń ràn lọ́wọ́.

Àwọn ohun yòókù, iṣẹ́ ọsibítù ni: kí oògùn apakòkòrò wọlé láàárín wákàtí kan kí abẹ tó kan ara, kí wọ́n má fi réésà fá irun àyà, kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí i lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tó bá ronú dáadáa á béèrè pé, tó bá jẹ́ ìjà ni, kí ló dé tí wọn ò fi oògùn tó ń pa iná ìjà dá a lẹ́kun, irú sitẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fún oníkọ́ fée? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ní Netherlands, wọ́n fún nínú àwọn aláìsàn 4,494 ní dexamethasone, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012. Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, aláìsàn 7,507 láti orílẹ̀-èdè 18, tó lo methylprednisolone, jáde lọ́dún 2015. Nínú méjèèjì, oògùn náà kò dín iye àwọn tó kú kù bí wọ́n ṣe retí. Àwọn kan ní kí wọ́n má lo ẹ̀rọ rárá, kí wọ́n máa ran iṣan ọkàn bó ṣe ń lù. Lọ́dún 2012, wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wéra lára aláìsàn 4,752, kò sí èyí tó fi gbogbo ara borí èkejì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí wọ́n sì fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn fún nípa líla àyà, dandan ni kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn yìí ni ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó nílò rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun dídùn ló bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní kékeré. Kòkòrò streptococcus ni, ìyá fi omi gbígbóná àti iyọ̀ sí i, ó lọ. Àmọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó lé kòkòrò náà, ojú rẹ̀ jọ ojú ilẹ̀kùn ọkàn lójú wọn, ni wọ́n bá yíjú sí ọkàn, wọ́n ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sọ ọmọ náà di ẹni tí wọ́n ń la àyà rẹ̀, àwọn náà ló tún ń jà lọ́jọ́ tí wọ́n là á. Wọ́n lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn, wọn ò lè pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí irú wọn má dá abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì olóṣooṣù dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì sọ fún dókítà eyín kó tó fọwọ́ kan ẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ ń dá a dúró. Wọ́n ní àwọn ti gbádùn.

Ìjà tún máa ń padà wá lára àwọn kan lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹfà. Àyà á máa gún wọn bí wọ́n bá mí sínú, ara á gbóná, omi á kóra jọ yí ọkàn ká. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló tún rí awọ ọkàn tí wọ́n gé bí àlejò. Oògùn wà fún un, ó sì máa ń lọ, tí wọ́n bá tètè wá.

Ti àwọn ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Ẹran ara kan wà lẹ́yìn egungun àyà, níwájú ọkàn gan-an, thymus lorúkọ rẹ̀. Lára ọmọ tuntun, ó tóbi débi pé ó bo ọkàn lójú, dókítà tó bá sì fẹ́ rí ọkàn máa ń gé díẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀ dànù. Tipẹ́tipẹ́, wọ́n gbà pé kò wúlò fún nǹkan kan. Lọ́dún 1961, ní Lọ́ńdọ̀nù, Jacques Miller yọ ọ́ lára ọmọ eku, ó sì rí i pé àwọn eku náà kò lè bá kòkòrò jà mọ́. Thymus ni ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò. Àwọn oníwàádìí ní Sweden tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n yọ ọ́ fún ní kékeré, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́dún 2018 pé àrùn kòkòrò pọ̀ lára wọn, àti irú àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà. Lọ́dún 2023, àwọn dókítà Massachusetts General Hospital ní Boston gbé ti àgbàlagbà jáde: láàárín ọdún márùn-ún, 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn tí wọ́n yọ thymus fún, 2.8 ló kú lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àyà fún láìyọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí àìsàn tó mú kí wọ́n yọ ọ́ wà lára ohun tó fà á, torí náà kò tíì di ẹjọ́ àjẹbi.

Ọmọ tí ihò wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò lè mí, kò sí pé kí òbí rẹ̀ ní àwọn ò ṣe nítorí thymus. Ṣùgbọ́n níbi tí àyè bá wà, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ti ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Òbí lè béèrè kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé, kò sí dókítà gidi tí yóò kà á sí àrífín: ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ máa gé ni, àbí ẹ máa ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un?